Ooru Nínú Ọ̀pá Ẹ̀yìn: Ohun Tí Irinṣẹ́ Ń Ṣe àti Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ sí Aláìsàn

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin dókítà tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wá jókòó tì wá, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, mo kí yín. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń hùmọ̀ irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú ẹ̀yìn ríro, pàápàá èyí tó ń lo ooru. N kò ní ka oríṣi irinṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan fún yín, nítorí ẹ lè rí ìyẹn kà fúnra yín. Ìbéèrè méjì kan wà tí àwa tí a ń ṣe ẹ̀rọ máa ń dà pọ̀ mọ́ra, àwọn ni mo fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀. Ìkínní ni pé, ǹjẹ́ irinṣẹ́ yìí ń ṣe ohun tí mo ní kó ṣe? Èkejì ni pé, ǹjẹ́ ara ẹni tí a lò ó fún yá ju ti ẹni tí a kò lò ó fún lọ? Nínú gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ yìí tí mo mọ̀, n kò mọ ibi tí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ti hàn kedere tó inú ìtàn ooru àti ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ìtọ́jú ooru kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ìyá mi nígbà tó bá ti ọjà dé, omi la máa ń gbé kaná. A ó ri aṣọ bọ inú rẹ̀, a ó fún un, a ó sì máa fi jó o lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti mí kanlẹ̀, a mọ̀ pé ó ti ń wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibo gan-an ni ooru yẹn wọ̀ dé? Kò jìnnà rárá. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ ń dí i lọ́nà, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn kọjá sì ń gbé èyí tó bá wọlé lọ sí ibòmíràn, bí ìgbà tí ènìyàn ń da omi gbígbóná sínú odò. Síbẹ̀, kì í ṣe pé kò wúlò. Ní 2002, Nadler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 371 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro: wọ́n fún àwọn kan ní ìgbànú olóoru tó ń dúró ní nǹkan bí 40°C fún wákàtí 8, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní ibuprofen tàbí acetaminophen, èyí tí àwa ń pè ní parasitamọ́ọ̀. Ìgbànú náà ṣe ju oògùn méjèèjì lọ. Kò sí iná mànàmáná kankan nínú rẹ̀ o. Lẹ́búlẹ́bú irin ni wọ́n dì sínú rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti kan irin náà, ó ń dípata, ìdípata yẹn ló ń mú ooru jáde. Mo fẹ́ràn ìhùmọ̀ yẹn púpọ̀, torí pé ohun tí gbogbo wa kà sí ìbàjẹ́ irin ni ẹnì kan sọ di iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro yàtọ̀ sí èyí tó ti ń ro fún ọdún mẹ́ta, tí ẹni tó ni ín kò lè jókòó pẹ́, tí kò lè sùn, tí oògùn kò sì ràn án lọ́wọ́ mọ́. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn olùhùmọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí wọn yóò ṣe gbé ooru kọjá awọ, kọjá ọ̀rá àti ẹran, lọ sí ibi tí ìrora ti ń wá gan-an. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti le.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ooru ń ṣe nínú ara, nítorí bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a kò lè mọ ohun tí irinṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe. Ní 1948, Harry Pennes ki òṣùwọ̀n ooru tín-ínrín bọ apá àwọn ènìyàn, ó wo bí ooru ṣe pọ̀ tó láti awọ dé inú, ó sì kọ ìṣirò kan tó fi iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ kún iṣẹ́ ẹran ara. Ìṣirò yẹn la ṣì ń lò títí di òní. Lẹ́yìn náà, ní 1984, Sapareto àti Dewey fi hàn pé a kò lè sọ̀rọ̀ ooru kí a má sọ̀rọ̀ àkókò: bí ooru bá ti kọjá 43°C, gbogbo dígíríì kan tí a bá fi kún un ń gé àkókò tí ẹran ara lè fi fara dà á sí ìdajì. Ohun tí 43°C yóò fi wákàtí kan ṣe, 44°C yóò fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe é, 47°C kò sì ní lò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Láti nǹkan bí 45°C lọ sókè, iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bó bá tó 60 sí 65°C, kọ́lájìn, okùn tó di ẹran ara mọ́ra, yóò sún kì. Ẹni tó bá ti wo pọ̀nmọ́ lórí iná rí mọ bó ṣe ń rí. Bó bá di 100°C, omi inú ara á hó, ẹran á jóná gbẹ mọ́ irin, ooru kò sì ní lè kọjá ibẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó bí àyè náà ti há tó: láàárín èyí tí kò ṣe nǹkan kan àti èyí tó ba nǹkan jẹ́, dígíríì díẹ̀ àti mìlímítà díẹ̀ péré ni.

Mìlímítà yẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì ni tìmùtìmù kan wà, òun ni àwọn dókítà ń pè ní dísìkì. Inú rẹ̀ rọ̀ bí èkọ tútù, ìta rẹ̀ sì yi, ó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà, okùn kọ́lájìn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú dísìkì àgbàlagbà àfi ní etí rẹ̀, nítorí náà ooru tó bá wọ ibẹ̀ kì í rí ẹni gbé e lọ kíákíá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ihò tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn àti àwọn gbòǹgbò iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ń gbà. Ẹni tó bá ṣi ooru lò níbẹ̀ lè gba ẹsẹ̀ ènìyàn, ó sì lè gba agbára tí ó fi ń mú ìtọ̀ dúró.

Kí ooru tó dé ibẹ̀, ìbẹ́pẹ ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo alásè ló mọ̀ pé ewé tàbí èèpo ìbẹ́pẹ ń mú ẹran tó yi rọ̀. Ní 1956, Lewis Thomas, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, fún àwọn ehoro ní abẹ́rẹ́ papain, èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú oje ìbẹ́pẹ, ó sì rí i pé etí wọn wó lulẹ̀, kí ó tó tún nà ró lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Lyman Smith, oníṣẹ́ abẹ eegun, rò ó pé bí oje yìí bá lè rọ etí ehoro, ó lè rọ dísìkì tó yọ síta tó ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Ní 1964 ó kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ tó fún ní chymopapain, ìbátan papain yẹn. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 1982. Mo mú ìtàn yìí wá nítorí pé ìbéèrè kejì gan-an ni oògùn yìí dáhùn: nínú ìdánwò, àwọn tó gbà á sàn ju àwọn tí a fún ní omi lásán lọ. Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ dókítà. Ara àwọn kan kọ̀ ọ́ débi pé ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn díẹ̀ sì fara pa, títà rẹ̀ sì dópin ní Amẹ́ríkà ní 2003. Ohun tó dáhùn ìbéèrè náà ti lọ, ohun tí kò dáhùn rẹ̀ dáadáa sì ń lọ káàkiri nígbà náà.

Ní àwọn ọdún 1970, C. Norman Shealy bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru ìgbì rédíò pa àwọn iṣan tín-ínrín tó ń gbé ìrora láti oríkèé kékeré tó wà lẹ́yìn eegun ẹ̀yìn. Ọ̀nà yìí ní ọgbọ́n kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ṣì gbọ́: abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń gbóná. Iná tó ń yí padà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni a ń rán gba ẹnu abẹ́rẹ́, ó ń ti àwọn èròjà iyọ̀ inú ara síwá sẹ́yìn, ìfigbanra wọn ló sì ń mú ẹran ara gbóná. Ẹran ara tó gbóná ló wá ń mú abẹ́rẹ́ gbóná. Òṣùwọ̀n tó wà ní ẹnu abẹ́rẹ́ ń sọ fún ẹ̀rọ bí ooru ṣe tó, ẹ̀rọ sì ń mú un dúró ní nǹkan bí 80°C fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó péye ni. Ṣùgbọ́n ní 1979, Nikolai Bogduk, onímọ̀ ẹ̀yà ara láti Ọsirélíà, pẹ̀lú Donlin Long, ya ẹ̀yìn òkú ènìyàn wò láti mọ ibi tí àwọn iṣan náà ń gbà, wọ́n sì rí i pé ibi tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ sí, iṣan náà kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ dára, ooru pé, ibi tí a fi í sí ni kò tọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán. Ní 1987, Bogduk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí bí ooru ṣe ń tàn láti ara abẹ́rẹ́, wọ́n rí i pé ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ ni ó ń gbà tàn, pé díẹ̀ ló ń dé iwájú ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan iṣan bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìka tọ́ nǹkan. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ sùn ti iṣan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú èyí ni pé ẹ lè fi ojú yín rí i pẹ̀lú ẹyin adìẹ. Ẹ da omi ẹyin sínú ife gíláàsì, ẹ ki abẹ́rẹ́ náà bọ̀ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ: bí ooru bá ti ń kọjá nǹkan bí 62°C, omi ẹyin yóò funfun, yóò sì dì yí abẹ́rẹ́ ká bí ẹ̀wà kan, tó sanra lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sì gùn púpọ̀ ní iwájú. Láti ìgbà tí a ti mọ ibi tí iṣan wà àti bí abẹ́rẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ sùn, àbájáde dára sí i fún àwọn tí a bá yàn dáadáa. Nínú ìwádìí kan tí Dreyfuss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2000, ènìyàn 15 péré ni wọ́n yàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ apàrora dán oríkèé wọn wò; lẹ́yìn oṣù 12, ìdá 60 nínú 100 wọn ṣì ní ìdẹ̀rùn tó pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní 2017, ní Netherlands, wọ́n fi ìtọ́jú ìgbì rédíò kún eré ìmáralókun fún ènìyàn tó lé ní 600, wọn kò sì rí àǹfààní tó tó nǹkan lórí eré ìmáralókun nìkan. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe yan àwọn aláìsàn yẹn. Èmi rò pé àwọn méjèèjì ló ní òtítọ́ lọ́wọ́: irinṣẹ́ tó bá wúlò fún ìwọ̀nba ènìyàn kò ní wúlò bí a bá fi ṣe gbogbo ayé.

Mo ti dé ibi tí mo ń bọ̀ láti àárọ̀. Ní àwọn ọdún 1990, Jeffrey Saal àti Joel Saal, arákùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ dókítà ní California, hùmọ̀ ohun tí wọ́n pè ní IDET. Dípò oríkèé ẹ̀yìn, wọ́n fẹ́ gbé ooru wọ inú dísìkì fúnra rẹ̀. Èrò wọn mọ́gbọ́n dání: bí ìta dísìkì bá ti ya, iṣan ìmọ̀lára ń wọ ibi tó ya yẹn, ìrora sì ń bẹ̀rẹ̀, bí a bá mú ibẹ̀ gbóná, kọ́lájìn yóò sún kì, ibi tó ya yóò pa dé, iṣan tó wọlé yóò sì kú. Òkò kan, ẹyẹ méjì.

Ẹ wo irinṣẹ́ náà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni. A ó gba ẹ̀yìn ki abẹ́rẹ́ kan bọ inú dísìkì, pẹ̀lú X-ray tó ń fi ọ̀nà hàn wá. Nínú abẹ́rẹ́ yẹn ni a ó ti tì wáyà rírọ̀ kan wọlé, èyí tí sẹ̀ǹtímítà 5 òpin rẹ̀ jẹ́ ibi ìgbóná. Wáyà náà gbọ́dọ̀ le tó láti ṣeé tì, kó sì rọ̀ tó láti tẹ̀. Bó bá kan ògiri dísìkì, kò gbọdọ̀ lu ú, ńṣe ni kí ó yí, kí ó máa tẹ̀ lé inú ògiri náà bí ejò inú agbada, títí yóò fi sùn sí ògiri ẹ̀yìn níbi tó ti ya. Aláìsàn kì í sùn wọra, kí ó lè ké bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Ẹ̀rọ ń bẹ̀rẹ̀ láti 65°C, ó ń fi dígíríì kan kún un ní ìṣẹ́jú àáyá 30, 30, títí yóò fi dé 90°C, yóò sì dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4. Gbogbo rẹ̀ kò tó ogún ìṣẹ́jú, aláìsàn á sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ṣe irú wáyà yìí rí yóò ṣí fìlà fún wọn.

FDA gbà á láàyè ní 1998. Ní 2000, àwọn arákùnrin méjèèjì kọ̀wé nípa aláìsàn 62 tí wọ́n tọ́jú, tí ọ̀pọ̀ wọn sì sàn. Ìròyìn tàn, ilé ìwòsàn ń ra á, ní 2002 sì ni ilé iṣẹ́ Smith & Nephew ra Oratec, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ní nǹkan bí 310 mílíọ̀nù dọ́là.

Ṣùgbọ́n nínú aláìsàn 62 yẹn, kò sí ẹnì kan tí a fi wé wọn ní ọ̀nà tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀yìn ríro jẹ́ àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìgbà tó bá le jù ni ènìyàn ń wá ìtọ́jú, lẹ́yìn ìgbà tó le jù sì ni ó sábà máa ń rọlẹ̀, ìbáà ṣe pé a ṣe nǹkan tàbí a kò ṣe é. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tí dókítà bá tẹ́ sórí ibùsùn, tí ẹ̀rọ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún un pé yóò dára, ara rẹ̀ lè fúyẹ́ nítorí ìyẹn nìkan. Ẹ má pe èyí ní irọ́ aláìsàn. Bí ara ènìyàn ṣe rí ni.

Nítorí náà ni àwọn kan fi ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2004, Pauza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí ènìyàn 64: 37 gba IDET, 27 gba abẹ́rẹ́ tí kò wọ inú dísìkì, pẹ̀lú gbogbo ìró àti ìran ẹ̀rọ, tí wọn kò sì mọ̀. Lórí òṣùwọ̀n ìrora tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 10, ìrora àwọn tó gba IDET fi 2.4 dín, ti àwọn tí kò gbà á fi 1.1 dín. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì àwọn tó gbà á ni kò rí ìyàtọ̀ kan gúnmọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà ṣe èyí tó tún le jù. Wọ́n ki wáyà bọ dísìkì gbogbo àwọn 57 tó wà nínú ìwádìí náà. Ẹnì kan tó dá dúró ló mọ ẹni tí yóò so wáyà rẹ̀ mọ́ iná lóòótọ́, 38 ni ó sì so. Dókítà kò mọ̀, aláìsàn kò mọ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó dé ibi tí wọ́n ti sọ ṣáájú pé àwọn yóò kà sí àṣeyọrí. Ní 2008, Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, kéde pé òun kò ní san owó irú ìtọ́jú yìí mọ́.

Kí ló fà á? Apá kan rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tiwa, àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí ki òṣùwọ̀n ooru bọ dísìkì òkú ènìyàn, wọ́n rí i pé ooru tó lè sún kọ́lájìn kì kò jìnnà sí wáyà ju mìlímítà díẹ̀ lọ. 90°C tí ojú ẹ̀rọ ń kọ jẹ́ ti wáyà, kì í ṣe ti ẹran ara. Irinṣẹ́ náà ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe láìsí àṣìṣe, ìyẹn ni pé ó ń mú ara rẹ̀ gbóná dé 90°C; ohun tí wọ́n rò pé yóò tẹ̀ lé e ni kò tẹ̀ lé e.

Ooru kò tíì kúrò ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Èyí tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí ni Intracept, tí ó ń wọ inú eegun fúnra rẹ̀ láti pa iṣan tó ń gbé ìrora láti ojú eegun tó kan dísìkì, ní 85°C fún ìṣẹ́jú 15. FDA gbà á láàyè ní 2016. Nínú ìwádìí ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́, ènìyàn 225, 147 gba ìtọ́jú gidi, 78 gba àfarawé. Lórí òṣùwọ̀n ìnira tó dé 100, nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ètò ìwádìí ṣe là á sílẹ̀, àwọn tó gba ìtọ́jú gidi sàn ní nǹkan bí 20 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn tó gba àfarawé náà sàn ní nǹkan bí 15. Ẹ jẹ́ kí 15 yẹn dúró lọ́kàn yín díẹ̀, torí pé ooru kankan kò kan eegun àwọn wọ̀nyẹn. Mo gbóríyìn fún àwọn tó ṣe irinṣẹ́ yìí pé wọ́n jẹ́ kí a rí i. Láìsí ẹgbẹ́ kejì yẹn, gbogbo 20 náà ni à bá kà fún ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo dákẹ́, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nàró. Ó ní òun àti ẹlẹgbẹ́ òun ti ṣe ìgbànú olóoru kan tó ń lo bátìrì, fún àwọn ìyá tó ń ru ẹrù lọ́jà, ó sì béèrè ohun tí ó yẹ kí àwọn kọ́kọ́ ṣe. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n sí abẹ́ ìgbànú náà lára awọ, kí wọ́n wo ìwọ̀n ooru rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ gbáko, nítorí 45°C tó bá pẹ́ lára lè jó ènìyàn tó bá sùn lọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà kejì tó rí bákan náà, tí iná rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n tí kò gbóná ju kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni a ó wá sọ fún ìyá tí tirẹ̀ kò bá gbóná?” Mo ní kí wọ́n sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n tó so ohunkóhun mọ́ ẹnikẹ́ni nídìí: pé oríṣi méjì ló wà, pé àwọn tó pín in kò mọ èwo ni ta ni, pé ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ̀, àti pé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni tí tirẹ̀ kò gbóná yóò gba èyí tó gbóná lọ sílé láìsan kọ́bọ̀.